Àkọ́jù Abọ́sẹ̀dé

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀,” ni Olúfẹ́mi ké bí Abọ́sẹ̀dé ṣe ń wọlé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára káàdì tó ń pò. Àwọn ọmọ tó rọ̀gbà yí i ká gbà á lẹ́nu rẹ̀, kíláàsì sì di agbo ẹran. Abọ́sẹ̀dé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sábẹ́ itan, ṣùgbọ́n mo rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le gbandi.

Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ké bí ewúrẹ́ ti wà lórí àga ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Àbdùlgàfárù ni orúkọ rẹ̀. Gáfárù là ń pè é. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Tanke, láyé ìgbà tí Tanke fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ oko àgbàdo. Láàárọ̀, kó tó wá sílé-ìwé, òun ló ń tú ẹran bàbá rẹ̀ sílẹ̀, òórùn òbúkọ a sì bá a wọ kíláàsì láìgba àyè. Èmi náà a máa fọwọ́ dímú. Ẹ wò ó, kí ni mo ń dímú sí? Èmi tí mo máa ń fi ẹ̀wà ṣí inú lówùúrọ̀, tí ìdí mi a sì máa dáhùn ìbéèrè kí tíṣà tó bi mí.

Ọdún tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí apá ọ̀tún ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìlọrin níbí. Fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Èmi ni Àríkẹ́, ọmọbìnrin tó fọ́ bẹ́ǹṣì méjì ní táàmù kan ṣoṣo, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bírììjì ló kó wa jọ.

Tíṣà Ọláyíwọlá, tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ló mú un wọ ilé-ìwé wa. Ó ti ṣe akọ̀wé rí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ó ní eré tó ń kọ́ni ní ìrònú ni, a kò sì gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan ta á. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì, ẹnìkejì rẹ a sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ. Irú mẹ́rin ni káàdì rẹ̀: sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ǹdì àti kíláàbù; mẹ́tàlá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹnì kan á ju káàdì sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù á ju irú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tóbi jù ló ni ìkó yẹn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á kọ́kọ́ pe iye ìkó tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ máa kó, àti irú káàdì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí; ìpè tó ga jù ló ń dúró. Bí irú káàdì tí wọ́n jù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, o lè fi olórí pa á, ì báà ṣe éèsì, tó tóbi jù nínú irú rẹ̀, ni wọ́n jù. Ẹni tó bá láyà tó láti sọ pé méjìlá nínú ìkó mẹ́tàlá ni àwọn máa kó, ẹni yẹn ti pe sílámù nìyẹn. Ìkó méjì péré ni alátakò rẹ̀ nílò láti fi bà á jẹ́.

Alátakò tó wà lápá òsì rẹ̀ ló sì máa ju káàdì àkọ́kọ́, kí ó tó rí káàdì ẹnikẹ́ni àfi tirẹ̀. Àkọ́jù là ń pe káàdì yẹn. Ẹyin ni, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àkọ́jù kan ṣoṣo lè pa sílámù, ó sì lè gbé e délé ní àlàáfíà.

Lẹ́yìn àkọ́jù, ẹnìkejì ẹni tó pe sílámù á tẹ́ gbogbo káàdì tirẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo ayé rí i, á wá jókòó láìsọ̀rọ̀. Dọ́mì ni wọ́n ń pè é. Ẹnìkejì Olúfẹ́mi ni mí, òun ló sì máa ń fẹ́ pe ìpè ìkẹyìn, nítorí náà èmi ni dọ́mì ní gbogbo ìgbà. Ẹ bá mi wò ó: wọ́n mú Àríkẹ́ ẹlẹ́nu bí agogo, wọ́n ní kó dákẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, màá fi eyín gé ètè mi títí yóò fi wú.

Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mọ àkọ́jù bí Abọ́sẹ̀dé. Ó máa ń to dáyámọ́ǹdì rẹ̀ sí eti òsì, háàtì sí eti ọ̀tún, á wo káàdì wọ̀nyẹn bí ìyá tó ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ, á wá fa ọ̀kan jáde. Kì í sábà ṣì í. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé ẹni tó pe sílámù ti gbé ìkòkò rù, kí a má dúró máa wò ó títí yóò fi délé. Òkò ni kí a sọ. Bí o bá ní ọba àti ayaba irú kan náà, ju ọba, kí o ti ṣílẹ̀kùn fún ìkó tìrẹ kó tó sá wọlé.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ń yí òfin yẹn padà. Bí ẹnìkejì rẹ bá ké “dọ́bù” lé sílámù, ìyẹn kí àmì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe pé ó ń yangàn. Ó ń bẹ̀ ọ́ ni. Ó ń sọ pé: gbàgbé káàdì tó dára lójú rẹ, irú káàdì tí dọ́mì kọ́kọ́ pè ni kí o jù, nítorí èmi kò ní ẹyọ kan nínú rẹ̀, màá fi olórí pa á. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, ó sì ní kí a kà á sókè bí ẹsẹ Bíbélì. Gáfárù ló kà á tó dùn jù. Ilé kéwú ló ti kọ́ ohùn.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún Gáfárù kọjá eré. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà kan tí wọ́n ń ta bírììjì nínú ẹgbẹ́ wọn ti gbọ́ nípa wa, wọ́n sì ní àwọn méjì tó bá borí ni àwọn máa fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí Kàdúná, kí wọ́n lọ bá ọmọ ilé-ìwé mìíràn ta á. Ní tèmi, súyà ojú ọ̀nà irin ni mò ń wò lókèèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìlérí mìíràn fún Tíṣà: bí Gáfárù bá wà nínú àwọn tó borí, ẹgbẹ́ ni yóò rán an níwèé títí yóò fi jáde.

Òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Bàbá rẹ̀, Àbdùlsàlámì, ti fẹ́ mú un kúrò nílé-ìwé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú bàbá yẹn, káàdì yòówù kó jẹ́, tẹ́tẹ́ ni, hàráámù ni. Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a lábúlé, ó búra fún un pé kò sówó níbẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n.

“Ó dáa, Tíṣà,” ló wí. “Bí eré yín bá rán an níwèé, màá gbà pé ọ̀nà Ọlọ́run ni. Bí kò bá rán an, kí ó padà sídìí ẹran. N kò ní gbọ́ ẹjọ́ kejì.”

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Abọ́sẹ̀dé mọ̀ ọ́n jù wá lọ, nítorí òun ni ẹnìkejì Gáfárù.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Abọ́sẹ̀dé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni wọ́n kó wá sí Ìlọrin. Kò sí ohun tó ń wá tí kò ní, àfi ohun kan: ó fẹ́ kí àwọn Olúfẹ́mi gba òun mọ́ra. Olúfẹ́mi lẹ́wà, àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí ìgò epo, bàbá rẹ̀ sì ní gírámáfóònù tó ń yí àwo mẹ́fà tẹ̀léra. Bí ó bá wo ènìyàn, ẹni náà á rò pé oòrùn ló yọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fa inú mi wọlé bí ó bá ń kọjá. Asán ni; inú mi kò ní ibi tó lè wọlé sí.

Láti ìgbà tí Tíṣà ti so Abọ́sẹ̀dé pọ̀ mọ́ Gáfárù ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyàwó Òbúkọ. Wọ́n já ewé sí orí tábìlì rẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ àga Gáfárù, wọ́n ní kí ó rọra fà á lọ jẹko. Gáfárù a tú okùn náà, a ká a dáadáa sínú àpò rẹ̀, a ní bàbá òun máa rí i lò. Ó máa ń pe Abọ́sẹ̀dé ní “Sísí Bọ́sẹ̀”, ó sì máa ń lo “ẹ” fún un, nítorí ní abúlé wọn a kì í pe ọmọ ẹni ńlá lórúkọ ṣákálá. Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni inú ń bí Abọ́sẹ̀dé sí ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún un. Báyìí ni ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe burú tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àṣekágbá, kí èmi àti Olúfẹ́mi tó kojú Abọ́sẹ̀dé àti Gáfárù, Olúfẹ́mi dúró de Abọ́sẹ̀dé nídìí kànga ilé-ìwé. Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Olúfẹ́mi kò ní kó ṣe màgòmágó. Ó kàn bi í léèrè bóyá ó ti ronú bí ìrìn Kàdúná yóò ṣe rí, òun àti Gáfárù lórí àga kan náà lọ́sàn-án lóru, àti ohun tí wọn yóò máa pè é bó bá padà dé. Lẹ́yìn náà ló ní ọjọ́ ìbí òun ń bọ̀, pé òun ń wá ẹni tó máa bá òun ṣí ijó.

“Bí a bá pe sílámù, ju káàdì tó dára lọ́wọ́ rẹ,” ló wí. “Ta ló máa bá ọ wí? Ẹni tó ju káàdì rere kò ṣẹ̀.”

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí kànga. Ó pọn omi rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ náà, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ àgbà wá jókòó wò wá. Gáfárù ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ títí awọ ara rẹ̀ fi ń bó. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Tíṣà rán wa létí ìlànà tirẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da káàdì pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bí o bá ju káàdì tán, iwájú rẹ ni kó wà, kí o dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí wọ́n tẹ̀léra bí o ṣe jù wọ́n. Ó ní bí eré bá tán, kálukú á lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

A ta á, a ta á. Bí àwọn bá kó báyìí, àwa á kó tẹ̀ lé e, àmì wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba títí ó fi ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbé káàdì mi, mo rí éèsì, ọba àti ayaba dáyámọ́ǹdì, gbogbo wọn nínú agbada kan, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Mo pe dáyámọ́ǹdì. Olúfẹ́mi pe sípéèdì. Mo ti sípéèdì rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, ó wá pe sílámù, sípéèdì ni olórí. Bó bá kó o, àwa la borí. Bó bá bàjẹ́, àwọn ni.

Ó kan Gáfárù.

“Dọ́bù,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ omi.

Ọmọdé tó bá lọ sí kíláàsì Tíṣà lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tí ọmọ yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Dáyámọ́ǹdì ni mo kọ́kọ́ pè. Dáyámọ́ǹdì ni kí Abọ́sẹ̀dé jù, ẹyọ kan péré, èyí tó kéré jù lọ nínú wọn. Gáfárù á fi olórí pa á, á sì ju éèsì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìkó méjì nìyẹn. Sílámù ti kú kó tó jí.

Abọ́sẹ̀dé wo káàdì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó dúró, ó tún gbéra. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń ké wúyẹ́wúyẹ́, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀,” ohùn tó tinrín bí ti ẹ̀fọn. Abọ́sẹ̀dé fi káàdì kan lélẹ̀.

Ọba háàtì.

Àkọ́jù tó rẹwà ni, ayaba àti jáàkì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ dọ́bù á pàtẹ́wọ́ fún un. Olúfẹ́mi fi éèsì gbé e. Ó fa gbogbo sípéèdì tó wà lọ́wọ́ Gáfárù jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìyẹ, títí ọmọ náà kò fi ní olórí kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó dáyámọ́ǹdì mi, márààrún, Gáfárù sì ń ju nǹkan mìíràn sí i, nítorí kò ní dáyámọ́ǹdì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkó méjìlá. Ìkó kan ṣoṣo tí éèsì Gáfárù rí kó ló kù, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọmọ hó yèè. Èmi náà fẹ́ hó. Mo la ẹnu, mo wá rí Tíṣà tó tẹ̀ síwájú, tó ń ṣí káàdì iwájú Abọ́sẹ̀dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Háàtì. Sípéèdì. Dáyámọ́ǹdì kan. Ó tún ṣí òmíràn. Dáyámọ́ǹdì márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ni dọ́bù ẹnìkejì rẹ sọ fún ọ?” ni Tíṣà bi í.

“Mo gbàgbé, sà.”

Abọ́sẹ̀dé, tí kì í gbàgbé káàdì tí wọ́n ta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà dojú káàdì náà bolẹ̀ padà. Kí ló fẹ́ sọ? Káàdì tó bófin mu ni ó jù. Gáfárù ló dìde.

“Ẹ má bá wọn wí, sà,” ló wí. “Ẹ̀bi mi ni. Kò yẹ kí n ké dọ́bù.” Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé, ó tẹrí ba díẹ̀. “Sísí Bọ́sẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ òní.”

Ó kó ìwé rẹ̀, ó bọ́ síta. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà, kò yára, kò dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àga rẹ̀ ṣófo. Tíṣà tún gun kẹ̀kẹ́ lọ sábúlé. Bàbá rẹ̀ gbé ìjókòó fún un, ó fún un lómi mu, ó béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ẹjọ́ kejì. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eré ṣàìtánì kì í gbé ọmọ dé ibi tó dára.

Ní ti Abọ́sẹ̀dé, ó ra aṣọ tuntun lọ sí ọjọ́ ìbí Olúfẹ́mi. Mo wà níbẹ̀, mo ti jẹ kéèkì dé ibi tí bọ́tìnnì yẹ̀rì mi já tó fò bá ògiri. Bí ó ṣe fẹsẹ̀ kan wọ ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ké pọ̀: “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Olúfẹ́mi ló ké sókè jù. Ó ti yan ẹlòmíràn tó máa bá a ṣí ijó. Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gírámáfóònù títí wọ́n fi wá mú un lọ sílé, àwo kan ń tán, òmíràn ń gorí.

Ìlọ Kàdúná kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ṣègede kọ lù mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú títí ìyá mi ò fi mọ ibi tí ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ mọ́. Súyà ojú ọ̀nà irin di àlá. Tíṣà ní kí Abọ́sẹ̀dé rọ́pò mi, kí ó jókòó sí ọ̀kánkán Olúfẹ́mi, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o. Olúfẹ́mi rẹ́rìn-ín.

“N kò lè bá a jókòó, sà,” ló wí, níwájú gbogbo kíláàsì. “Ẹni tó ta ẹnìkejì rẹ̀ nítorí ijó, kí ló máa fi èmi rà?”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ní kí ó ṣe é náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kan tó gbà kí Abọ́sẹ̀dé jókòó síwájú òun. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ tí a máa ń ta bírììjì, á wá, á fa àga, á jókòó sídìí tábìlì, kò sì sí ẹni tó máa wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Bírììjì kò ṣe é dá ta. Nígbà tó ṣe, kò wá mọ́.

Ìsinmi gígùn ni a tún rí Gáfárù. Ní ọjà Ipata ni, níbi tí ìyá mi ti ń ta iṣu, tí èmi náà sì ti ń ràn án lọ́wọ́, ká sọ pé jíjẹ iṣu sísun náà ń jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Abọ́sẹ̀dé àti ìyá rẹ̀ wá ra iṣu. Nígbà tí wọ́n rà á tán, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ pe alábàárù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́rì, òṣùká lórí, erùpẹ̀ iṣu ti bo ojú àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Gáfárù ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa ẹran bàbá rẹ̀ tán. Ẹran tí wọ́n ní kó padà sídìí rẹ̀ kò sí mọ́.

Mo wo Abọ́sẹ̀dé. Òun ń wo ilẹ̀.

“Rọra,” ni ìyá rẹ̀ ń wí fún Gáfárù. “Má fi ara kan aṣọ ọmọ mi. Ṣé ẹ kì í wẹ̀ ni?”

“Ẹ má bínú, mà,” ni Gáfárù dá a lóhùn. Ó gbé iṣu náà rù, ọrùn rẹ̀ wọlé sínú èjìká. Mo gbé èyí tó kù tẹ̀ lé wọn, nítorí ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n dúró. Ní ẹ̀yìn mọ́tò, bí ìyá rẹ̀ ti wọ iwájú lọ jókòó, Abọ́sẹ̀dé súnmọ́ Gáfárù.

“Gáfárù, jọ̀ọ́,” ló wí. “Wallahi, mo gbàgbé ni.” Ọmọ ìjọ ni Abọ́sẹ̀dé. Ó búra pẹ̀lú ìbúra Gáfárù kí ó lè gba òun gbọ́.

Gáfárù to iṣu kan, ó to èkejì, kó tó dáhùn.

“O kò gbàgbé, Abọ́sẹ̀dé,” ló wí. Kò pè é ní Sísí mọ́. “Eti òsì ni o máa ń to dáyámọ́ǹdì sí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ lọ. O fa ọ̀kan jáde tó ìdajì. Mo rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi. Mo ti ń wo bí màá ṣe sọ fún bàbá mi.” Ó nu ojú rẹ̀. “Lẹ́yìn náà ni o wò mí lójú, o sì tì í padà. Bó ṣe pé o gbàgbé ni, ǹ bá ti dárí jì ọ́ lọ́jọ́ náà.”

Ìyá Abọ́sẹ̀dé yọrí lójú fèrèsé mọ́tò. “Kí ni ò ń bá alábàárù sọ? Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?”

Mo wo Abọ́sẹ̀dé. Gáfárù náà wò ó, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ náà nídìí tábìlì, ó ń dúró de ohun tó máa jù sílẹ̀.

“Rárá, mà,” ni Abọ́sẹ̀dé wí. “N kò mọ̀ ọ́n.”

Gáfárù mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bára mu. Ó gba ohun tí wọ́n fún un, ó gbé òṣùká rẹ̀, ó padà sídìí lọ́rì. N kò gbọ́ pé ó wọ ilé-ìwé mọ́ láyé rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Abọ́sẹ̀dé wá bá mi nílé, tó ro gbogbo rẹ̀ fún mi, láti ìdí kànga dé ẹ̀yìn mọ́tò. Ó sunkún títí ó fi bì. Mo fọwọ́ nu imú rẹ̀, mo bu omi fún un, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ, èmi ẹlẹ́nu bí agogo.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, àwọn tí ọ̀rẹ́ ń kó sí lórí níléèwé yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tó bófin mu kò lè jẹ́ ìkà. Ọba háàtì bófin mu. “N kò mọ̀ ọ́n” kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ, tó fi ọ̀la rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, kò ní kí o ṣe ju pé kí o má tà á. Àwọn tó sì ní kí o tà á, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sá fún ọ. Àwọn àgbà wa ti wí i: bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni í ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ni Abọ́sẹ̀dé títí di òní. Arúgbó ni wá báyìí. Eyín mi ku mẹ́rin, ìdí mi sì ti fọ́ àga tó pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Ó máa ń wá kí mi, a jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá gbé káàdì jáde, tí ó sì ku ẹnì kan, Abọ́sẹ̀dé á wo àga tó ṣófo ní ọ̀kánkán mi, èmi náà á wò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ilé ni mo máa ń pè wá jókòó síbẹ̀.